Ẹlẹ́rìí àti Ìwé: Ìtàn Onílé àti Ayálégbé ní Agbègbè Lẹ́kí àti Ajah

Àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ilé ta ni. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa dá a, agbo ilé baba ẹni ni ènìyàn ń ti oko bọ̀ sí, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó fi ẹ̀yìn lé ẹní. Ní Èkó òde òní, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Jakande, ní Ìkọta tàbí ní Ajah, ilé onílé ni wọ́n ń bọ̀ wá sinmi sí. Bí òfin tí ó wà láàrin àwọn àti onílé bá ṣe fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó ni ìsinmi wọn náà ṣe lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó.

Ìtàn òfin náà ni kókó àròkọ yìí. Láti ayé ìṣákọ́lẹ̀ títí dé Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011, ọ̀rọ̀ kan ni ó ń padà wá ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà ni ẹ̀rí. Ẹni tí ó ní ẹ̀rí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti wà níbi tí òun wà, kì í rọrùn láti ṣí i nídìí. Ẹni tí kò ní in, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀ tó, òun ni ó kọ́kọ́ ń di ẹrù rẹ̀ nígbà tí ìyípadà bá dé. Ní ìgbà kan, ènìyàn ni ẹ̀rí. Nígbà tí ó yá, ìwé ni.

Ilẹ̀ Ṣáájú Ilé

Ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tóóró kan. Òkun Àtìláńtíìkì ni ó wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá rẹ̀. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà pàápàá ti sọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ìlú Lẹ́kí àtijọ́, tí gbogbo ilẹ̀ náà jogún orúkọ rẹ̀, wà ní apá ìlà-oòrùn pátápátá, ó sì jìnnà sí ibi tí àwọn ará Èkó ń pè ní Lẹ́kí lónìí. Ìlú náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ lókìkí. Nígbà tí Kòsọ́kọ́ fi Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1851, tí ó sì lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, òun àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, wọ́n sì gbà nínú àdéhùn náà pé òun ni ó ni èbúté Palma àti ti Lẹ́kí. Láàrin Lẹ́kí àtijọ́ yìí àti ìlú Èkó, abúlé apẹja àti ti àgbẹ̀ ni ó pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lábẹ́ àṣà Èkó, àwọn olóyè Ìdẹ́jọ, tí wọ́n jẹ́ ara àwọn olóyè onífìlà funfun, tí ìtàn sì so orírun wọn mọ́ Ọlọ́fin, ni alámòójútó ilẹ̀. Àwọn ẹbí bíi ti Oníru, ti Ẹlẹ́gùṣì àti ti Olúmẹgbọ́n lórúkọ nínú ìtàn ilẹ̀ agbègbè yìí títí di òní. Ṣùgbọ́n olóyè kò ni ilẹ̀ bí ènìyàn ṣe ni aṣọ ọrùn rẹ̀. Ó ń dì í mú fún ẹbí ni: fún àwọn tí ó ti kọjá lọ, fún àwọn tí ó wà láyé, àti fún àwọn tí a kò tíì bí.

Àlejò tí ó bá fẹ́ dáko tàbí tí ó fẹ́ kọ́ ilé yóò tọ ẹbí tí ó ni ilẹ̀ lọ pẹ̀lú obì àti ọtí. Wọn yóò mú un dé orí ilẹ̀, wọn yóò sì fi ààlà hàn án níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí. Láti ìgbà náà lọ, yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ lè jẹ́ irè oko, ó sì lè jẹ́ owó díẹ̀. Iye rẹ̀ kọ́ ni ó ṣe pàtàkì, nítorí pé kò tó iye tí ilẹ̀ náà ń mú wá. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ó ń jẹ́rìí lọ́dọọdún pé àlejò kò gbàgbé ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ẹbí onílẹ̀ náà ní ojúṣe tirẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àlejò kò bá sẹ́ onílẹ̀, tí kò sì ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa lò ó lọ. Onílẹ̀ kò gbọdọ̀ jí lójijì kí ó ní kí wọ́n máa lọ. Àwọn ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ yìí gba àṣà náà wọlé nígbà tí ó yá: wọ́n mọ àlejò onísákọ́lẹ̀ ní ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́, wọ́n sì mọ sísẹ́ onílẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ìbéèrè ńlá kan dìde: ṣé ìlú nìkan ni ó bọ́ sí abẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì ni, tàbí ilẹ̀ àwọn ẹbí pẹ̀lú ti bá a lọ? Ìbéèrè yìí dé ilé-ẹjọ́ nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Apápá. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, kò gbà kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún òun bí ẹni pé agbowó ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni òun. Ní ọdún 1920 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní ọdún 1921, Privy Council, tí í ṣe ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, dá a láre. Viscount Haldane ni ó ka ìdájọ́ náà. Kókó rẹ̀ ni pé pípààrọ̀ ìjọba kò pa ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni ilẹ̀ rẹ́, àti pé owó tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni kí ìjọba san fún olóyè náà nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀.

Apápá ni ilẹ̀ ọ̀ràn náà wà, ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí Ìdẹ́jọ, títí kan àwọn tí ilẹ̀ wọn wà lọ́nà Lẹ́kí, ni ìdájọ́ náà fún lágbára. Ó sọ ẹ̀tọ́ onílẹ̀ di ohun tí ó wà nínú ìwé. Ẹ̀tọ́ àlejò ṣì wà lẹ́nu àwọn ẹlẹ́rìí.

Bí Ilé Ṣe Di Ohun Yíyá

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ pa ìyípadà tí ó tẹ̀ lé e mọ́. Fáwẹ̀lì kan àti ohùn kan ni ó ya onílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára onílé, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá ni nínú òfin. Onílẹ̀ ni ẹni tí ẹbí rẹ̀ ni ilẹ̀. Onílé ni ẹni tí ó ni ilé, ó sì lè jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí ó gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ó kọ́ ọ sí. Ẹnì kẹta ni ayálégbé. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, a- ni mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀, yá ni ọ̀rọ̀-ìṣe àkọ́kọ́, ilé ni àbọ̀ rẹ̀, gbé sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe kejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó yá ilé láti máa gbé inú rẹ̀. Yíyá ni, kì í ṣe rírà. Ohun tí ènìyàn bá yá yóò padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín nígbà tí àkókò bá pé. Ṣùgbọ́n kí àkókò náà tó pé, ọwọ́ ẹni tí ó yá a ni ó wà, ẹni tí ó ni ín kò sì gbọdọ̀ já a gbà. Àwọn òfin ilé yíyá tí ó wáyé lẹ́yìn náà kò ṣe ju pé wọ́n ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan yìí lọ.

Nígbà tí èbúté, ọ̀nà reluwé àti iṣẹ́ ìjọba kó èrò wọ Èkó, fífi yàrá háyà di òwò. Ogun Àgbáyé Kejì mú kí ọjà gbówó lórí, ó sì mú kí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ní oṣù Kẹfà ọdún 1945 nítorí owó oṣù tí kò tó ná mọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba amúnisìn ṣe Òfin Gbígba Ilé Padà. Òfin náà là á sílẹ̀ pé onílé tí ó bá fẹ́ gba ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún ayálégbé ní ìwé ìkìlọ̀, kí ó sì gba ilé-ẹjọ́ lọ bí ayálégbé kò bá jáde. Ìgbà yìí ni ìwé wọ àárín onílé àti ayálégbé gẹ́gẹ́ bí òfin.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó parí ní ọdún 1970, owó epo rọ̀bì dé. Èkó jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà nígbà náà, èrò sì ń ya wọ ibẹ̀ láti ìlú gbogbo. Nígbà tí ìjọba gba àbá Ìgbìmọ̀ Udoji wọlé ní ìparí ọdún 1974, tí owó oṣù sì gbéra, owó ilé náà gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 1976, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó gbé Òfin Ìdíwọ̀n Owó Ilé àti Gbígba Ilé Ìgbé Padà jáde. Òfin náà kò fi mọ sí ìwé ìkìlọ̀ nìkan. Ó fi iye lé owó ilé gẹ́gẹ́ bí ilé ṣe rí àti agbègbè tí ó wà, ó sì dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa gbọ́ ẹjọ́ owó ilé. Ṣùgbọ́n iye tí a kọ sínú òfin kò lè kọ́ ilé. Níbi tí ilé kò bá ti tó, tí ènìyàn mẹ́wàá ń wá yàrá kan, owó tí kò sí nínú rìsíìtì ni yóò máa ṣí ilẹ̀kùn.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba àpapọ̀ kéde Òfin Ìlò Ilẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ inú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí ìkáwọ́ gómìnà láti máa tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Ẹbí onílẹ̀ kò pòórá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn gbọ́dọ̀ wá àṣẹ gómìnà, kí ó sì gba ìwé tí gbogbo Èkó ń pè ní C of O. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò tí ó ti Erékùṣù Victoria gba Lẹ́kí àti Ajah lọ sí Ẹ̀pẹ́ wá là ní àwọn ọdún 1980, ilẹ̀ tí apẹja ń sá àwọ̀n sí di ohun tí olówó ń wá kiri. Ayé ìwé ti dé, ọ̀pọ̀ tí ń gbé orí ilẹ̀ náà kò sì ní ìwé.

Màrókò, Ọdún 1990

Kò sí ibi tí èyí ti hàn kedere bíi Màrókò, tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà Lẹ́kí gan-an. Àwọn kan lára àwọn tí ó tẹ ibẹ̀ dó jẹ́ àwọn tí ìjọba amúnisìn ṣí kúrò ní Erékùṣù Victoria nígbà tí ó fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn wọn ni èrò ń dé: oníṣòwò, awakọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòyí. Àwọn kan gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀, wọ́n sì kọ́ ilé. Àwọn tí ó kù yá yàrá lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí.

Ó yẹ kí á rántí pé Ilé-Ẹjọ́ tí ó Ga Jù Lọ ti sọ̀rọ̀ ní ọdún 1986 lórí irú ọ̀ràn tí ó fẹ́ jọ èyí. Nínú ẹjọ́ tí ó wáyé láàrin Gómìnà Ológun Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ọjúkwu lórí ilé kan ní Ìkòyí, àwọn onídàájọ́ sọ pé ìjọba pàápàá kò gbọdọ̀ fi agbára lé ènìyàn jáde nínú ilé nígbà tí ọ̀ràn náà ṣì wà níwájú ilé-ẹjọ́. Ìdájọ́ náà kò gbọ̀jẹ̀gẹ́: níbi tí òfin bá wà, kò sí àyè fún fífi ọwọ́ ara ẹni gba ẹ̀tọ́. Ọjúkwu rí agbẹjọ́rò, ó sì ní ìwé. Àwọn ará Màrókò kò rí bíi tirẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun, ìjọba fún wọn ní ọjọ́ méje kí wọ́n kó jáde. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, àti pé omi lè bò ó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje, katakata wọlé. Iye ènìyàn tí àwọn òǹkọ̀wé sábà ń sọ pé ó pàdánù ibùgbé wọn jẹ́ nǹkan bí 300,000. Ìjọba wá àyè fún díẹ̀ nínú àwọn tí ó gbà pé wọ́n jẹ́ onílé, ó kó wọn lọ sí àwọn ilé ìjọba ní Ìlasan àti Ìkọta, púpọ̀ nínú àwọn ilé náà ni kò sì tíì parí.

Kókó tí ó kan àròkọ yìí wà nínú ọ̀rọ̀ náà: àwọn tí ìjọba gbà pé wọ́n jẹ́ onílé. Ayálégbé kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ti san owó ilé oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan sílẹ̀ kò rí ẹni tí yóò dá a padà fún un, nítorí onílé tí ó gba owó náà ń wá ibi tí yóò sùn pẹ̀lú. Òfin ọdún 1945 àti ti 1976 ti wà, ṣùgbọ́n àárín onílé àti ayálégbé ni wọ́n dúró sí. Wọn kò dáàbò bo ayálégbé nígbà tí ilẹ̀ tí ilé dúró lé fúnra rẹ̀ bá yẹ̀.

Òfin Ọdún 2011

Ní ọdún 1997, nígbà ìṣàkóso Buba Marwa, ìjọba ológun tún òfin owó ilé ṣe. Ṣùgbọ́n òfin tí ó kúrò nínú ìlànà dídíwọ̀n owó ilé, tí ó sì gbájú mọ́ àjọṣe onílé àti ayálégbé, ni Òfin Ilé Yíyá tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí òfin náà là sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pe orúkọ rẹ̀ láì mọ inú rẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, òfin náà gbà pé àdéhùn ilé yíyá lè jẹ́ ti ẹnu, ó lè jẹ́ ti ìwé, ó sì lè jẹ́ àpapọ̀ méjèèjì. Èyí bá ìṣe àwọn baba wa mu, nítorí kò sọ pé ọ̀rọ̀ tí a sọ níṣojú ẹlẹ́rìí kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ó ní dandan ni kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì owó tí ó bá gbà, kí orúkọ, ọjọ́, iye owó àti ibi tí ilé wà sì hàn nínú rẹ̀. Owó ìtọ́jú ilé, bí ó bá wà, gbọ́dọ̀ ní rìsíìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lórí owó tí à ń san sílẹ̀, òfin náà kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ayálégbé tí ó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀, bí ó bá jẹ́ olóṣooṣù, kò gbọdọ̀ san ju ti oṣù mẹ́fà lọ. Bí ó bá jẹ́ ọlọ́dọọdún, kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ. Ìtanràn N100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni ó wà fún ẹni tí ó bá rú u. Kì í ṣe onílé tí ó gbà nìkan ni òfin mú. Ó mú ayálégbé tí ó san án pẹ̀lú.

Lórí ìwé ìkìlọ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní kúìtì nótíìsì, ohun tí onílé àti ayálégbé bá fẹnu kò lé ni òfin kọ́kọ́ wò. Bí wọn kò bá sọ nǹkan kan, òfin ní kí wọ́n fún ayálégbé olóṣooṣù ní oṣù kan, kí wọ́n fún ẹni tí ń san owó ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà ní oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì fún ọlọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ méje yóò tẹ̀ lé e, tí onílé yóò fi sọ pé òun ń lọ sí ilé-ẹjọ́. Ilé-ẹjọ́ nìkan ni ó lè pàṣẹ pé kí wọ́n lé ènìyàn jáde. Onílé tí ó bá ṣí òrùlé, tí ó wó ògiri, tí ó fi ipá lé ayálégbé jáde tàbí tí ó ń halẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè sá lọ, ó lè san ìtanràn tí ó tó N250,000 tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Bí onílé bá fi owó kún owó ilé ju bí ó ti yẹ lọ, ayálégbé lè bẹ ilé-ẹjọ́ kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé-ẹjọ́ yóò wo iye tí àwọn ènìyàn ń san ní irú agbègbè bẹ́ẹ̀, onílé kò sì gbọdọ̀ lé ayálégbé náà jáde nígbà tí ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin náà kò gbàgbé onílé. Ẹni tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kọ́ ilé méjì sí Ajah, tí ó sì ń jẹun láti inú owó ilé náà, ebi lè pa á bí ayálégbé bá kọ̀ tí kò san owó. Nítorí èyí, òfin sọ pé bí ayálégbé olóṣooṣù bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn ti tán. Ti ẹni tí ń san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà yóò tán bí ó bá jẹ gbèsè ọdún kan. Bí onílé bá ti fi ìdí gbèsè náà múlẹ̀ níwájú ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ yóò dá ilé padà fún un. Òfin ní kí ayálégbé san owó rẹ̀ lásìkò, kí ó sì tọ́jú ilé bí ohun tí ó yá.

Ibi tí Òfin Kò Tíì Dé

Àwọn kan gbà pé òfin yìí kò kan Lẹ́kí. Ibi tí àṣìṣe náà ti wá hàn gbangba. Òfin ọdún 2011 yọ Apápá, agbègbè GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Erékùṣù Victoria sílẹ̀. Lẹ́kí pààlà pẹ̀lú Erékùṣù Victoria, owó ilé rẹ̀ sì lè ga bíi ti ibẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Lẹ́kí kò sí nínú àwọn tí òfin yọ, bẹ́ẹ̀ ni ti Ajah kò sí níbẹ̀. Ayálégbé tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún pé kò ní ẹ̀tọ́ nítorí pé Lẹ́kí ni ó ń gbé, irọ́ ni wọ́n pa fún un.

Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kò ṣòro láti rí ẹni tí wọ́n ní kí ó san owó ọdún méjì sílẹ̀ ní agbègbè yìí lẹ́yìn tí òfin ti jáde. Owó ejẹ́ńtì àti owó àgírímẹ́ǹtì tún wà lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ilé. Ẹni tí ń wá ilé kì í fẹ́ pe onílé lẹ́jọ́ kí ó tó wọlé, nítorí ẹlòmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ti gbé owó dání. Òfin tí ó sì mú ẹni tí ó gbà àti ẹni tí ó san pọ̀ mú kí àwọn méjèèjì dákẹ́. Èyí jọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òfin ọdún 1976. Níwọ̀n ìgbà tí ilé kò bá tó, tí èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní Lẹ́kí ní ọdún 2023 àti ilé ìfọpo Dangote tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2024 sì ń pe èrò sí i, ọwọ́ onílé ni yóò máa wà lókè.

Ewu Màrókò náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó Otodo Gbame, abúlé apẹja ní etí ọ̀sà Lẹ́kí, tí púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ Ègùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹjọ́ ti ní kí wọ́n dúró. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, abúlé náà ti tán. Ó lé ní 30,000 ènìyàn tí ó pàdánù ibùgbé wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó dájọ́ pé lílé ènìyàn jáde láì fún wọn ní ìkìlọ̀ tí ó tó àti láì wá ibòmíràn fún wọn jẹ́ ìwà ìkà tí òfin orílẹ̀-èdè kọ̀. Ìdájọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mọ́ kí ó tó dé. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí etí omi náà kò ní ibi tí wọn yóò padà sí.

Ní ọdún 2025, àbá òfin tuntun lórí ilé yíyá dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó. Lára ohun tí ó dá lé ni dídín owó tí ejẹ́ńtì ń gbà kù, àti mímú kí ejẹ́ńtì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Èyí fi hàn pé ìjọba náà mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀.

Ìkádìí

Bí a bá to ìtàn yìí lẹ́sẹẹsẹ, yóò hàn pé òfin kọ̀ọ̀kan ń gbìyànjú láti dá ohun kan padà tí àlejò onísákọ́lẹ̀ ti ní tẹ́lẹ̀, èyí tí í ṣe ìdánilójú pé ẹni tí ó ń ṣe ojúṣe rẹ̀ kò ní sùn lónìí kí ó jí sí ìta lọ́la. Ohun tí ó yàtọ̀ ni irú ẹ̀rí tí ayé ń béèrè. Ní ayé ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí ń gbé ìtòsí, wọ́n sì mọ àlejò mọ́ baba rẹ̀. Ní Lẹ́kí òde òní, ẹni tí ń gbé òkè lè má mọ orúkọ ẹni tí ń gbé ìsàlẹ̀, onílé lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù, alámòójútó ilé sì lè yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan. Ta ni yóò jẹ́rìí níbẹ̀ bí kò ṣe ìwé?

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò ṣòro láti fi sílò. Kí ayálégbé ka àgírímẹ́ǹtì kí ó tó fọwọ́ sí i, pàápàá ibi tí ó ti sọ iye ọjọ́ ìkìlọ̀, nítorí ohun tí ó bá gbà níbẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ yóò kọ́kọ́ wò. Kí ó béèrè rìsíìtì, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹbí ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Kí onílé náà kọ ohun gbogbo sílẹ̀, nítorí ìwé kan náà ni yóò gbà á lọ́wọ́ ayálégbé tí kò fẹ́ san owó. Bí ìjà bá sì dé, Ibùdó Ìlàjà Àwọn Ará Ìlú tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ wà fún àwọn tí kò ní owó agbẹjọ́rò, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó wá síbẹ̀.

Àwọn ayálégbé Màrókò ti san owó ilé wọn. Ohun tí wọn kò ní ni ohun tí wọn ìbá nà sókè ní òwúrọ̀ ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1990, kí ẹnì kan lè kà á.